Yinni-yinni, Kí La Ó Fi Ṣe Òmíràn?

Àwọn àgbà ló ní yinni-yinni kẹ́ni ó ṣe òmíràn. Òwe yìí kúrú, ó sì dùn lẹ́nu débi pé ìdajì rẹ̀ nìkan là ń mú lò. Ìdajì àkọ́kọ́ kì í ni wá lára rárá. A ó pe èèyàn síwájú, a ó gbé ìwé-ẹ̀rí lé e lọ́wọ́, a ó ya fọ́tò, a ó jẹ ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, kóówá á sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n "kẹ́ni ó ṣe òmíràn" ńkọ́? Kí ni ẹni tí a yìn yóò fi ṣe òmíràn ọ̀hún? Ìbéèrè tó gbé mi dé orí ìwé yìí nìyẹn, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi.

Ìdí tí mo fi ń béèrè kò fara sin. Ẹgbẹ́ wa ti ń dá owó jọ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí. A ní a fẹ́ fi owó náà dá àmì ẹ̀yẹ sílẹ̀ fún ọmọ iléèwé girama tó lẹ́bùn orin, tó sì tún ń ṣe aṣáájú láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹkùn tí a mú ni ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní ìpínlẹ̀ Kwara, nítorí pé àwa bíi mélòó kan nínú ẹgbẹ́ ló ti ibẹ̀ wá. Owó náà kò pọ̀. Àríyànjiyàn tó wà nílẹ̀ báyìí ni pé kí la fẹ́ fi ṣe. Àwọn kan ní ká ra àwo dídán tí a kọ orúkọ sí, ká gba gbọ̀ngàn ìlú, ká pe ọba àti alága káńsù. Èmi ní èrò tèmi, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ kí a tó dìbò.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tí à ń lọ. Ẹni tí kò bá dé ìhà ibẹ̀ rí, tó bá ti gbọ́ Èkìtì, Adó ló máa ń wá sí i lọ́kàn. Kwara náà ní Èkìtì tirẹ̀ o. Láti ayé òyìnbó ni wọ́n ti pín àwọn Èkìtì kan mọ́ Ìlọrin. Ìdí nìyẹn tí ìwé àtijọ́ fi ń pe Òsì ní Òsì-Ìlọrin. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ ní 1967, ibẹ̀ náà ni wọ́n wà, nígbà tí ìpínlẹ̀ Èkìtì fúnra rẹ̀ dé ní 1996, ibẹ̀ náà ni wọ́n ṣì wà. Àràròmí-Ọ̀pin ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì, Ìlọ́fà sì ni ti Òkè-Ẹ̀rọ̀. Ìlọ́fà ni ilé màmá mi. Ìlú àgbẹ̀ àti olùkọ́ ni gbogbo àyíká yẹn. Tí ẹ bá dé ibẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi, ẹ ó gbọ́ orin láti ojúlé dé ojúlé: ẹgbẹ́ akọrin ìjọ kan ń kọ ohùn mẹ́rin, ìjọ kejì ń lu àgídìgbo àti sákárà, àwọn ọmọdé ń fi agolo ṣe ìlù lẹ́yìn ilé. Ẹ̀bùn kò wọ́n níbẹ̀ rárá. Ohun tó wọ́n lèmi fẹ́ sọ.

Ọmọ àbúrò màmá mi kan wà ní Ìlọ́fà níbẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ojú máa ń tì í. Láti ọmọ ọdún mọ́kànlá ló ti ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ìjọ wọn. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó kàn ń jókòó ti ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ nígbà náà, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí yóò fi pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ tó jù ú lọ ní ohùn alto àti tenor, tó ń pè wọ́n sí ìdánrawò, tó ń bá ẹni tó bá pẹ́ wí. Ní ọdún kan, àwọn kan gbé ìdíje àwọn ọ̀dọ́ kalẹ̀ ní àdúgbò. Ó dé ipò kìíní. Wọ́n fún un ní àwo, wọ́n fún un ní ìwé-ẹ̀rí, wọ́n sì ka iye owó kan lórí máìkì pé yóò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ láìpẹ́. Àǹtí mi sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ náà. Gbogbo ilé jó.

Láìpẹ́ yẹn kò dé títí di òní. Àwo náà wà lórí tẹlifíṣọ̀n wọn, wọ́n fi ọ̀rá bò ó kí eruku má baà bà á jẹ́. Ìjọ ló ni kíbọ́ọ̀dù tó ń tẹ̀. Nígbà tó bàjẹ́, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, owó àtúnṣe kò sí. Ọmọ náà ò ní tirẹ̀ nílé. Nígbà tí mo lọ sílé ní ìsinmi tó kọjá, ibi tó ti ń kọ́ iṣẹ́ táìsì lílẹ̀ ni mo ti bá a. Iṣẹ́ gidi ni, n kò ní kó má kọ́ ọ. Mo kàn bi í pé orin ńkọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n yìn mí o. Ohun tí mo máa fi dánra wò ni ò sí."

Látìgbà náà ni mo ti ń ro ó pé báwo ni wọ́n ṣe ń ran ọmọ tó lẹ́bùn lọ́wọ́ láyé àtijọ́ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa. A kò ní láti lọ jìnnà. Òsì tí à ń sọ yìí, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n nítorí àwọn agbẹ́gilére rẹ̀. Arówóògún, tí àwọn òyìnbó ń kọ sílẹ̀ ní Areogun, ọmọ Òsì ni; nǹkan bíi 1880 ni wọ́n bí i, ó sì kú ní 1954. Ọ̀dọ̀ Bámgbóṣé, àgbà agbẹ́gilére ìlú náà, ló ti kọ́ṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí òun náà di ọ̀gá, ó gba ọmọ iṣẹ́, ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Osamuko. Nígbà tí ó kan ọmọ rẹ̀, Bándélé, ọ̀dọ̀ Osamuko yìí ni Bándélé ti kọ́ṣẹ́. Ẹ rí i bí ó ṣe yí po: ohun tí bàbá fún ọmọ iṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ ló wá dá a padà fún ọmọ bàbá. Ní 1947 ni àwọn fadá ìjọ Àgùdà dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, Fadá Kevin Carroll ló sì ń bójú tó o. Bándélé wà lára àwọn ọ̀gá ibẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìlá Ọ̀ràngún ti wá bá a, Làmídì Fákẹ́yẹ. Ilé agbẹ́gilére ni wọ́n bí Làmídì sí, ó ti ń gbẹ́ ère kó tó dé, síbẹ̀ ó fi ọdún mẹ́ta sin Bándélé.

Ẹ wá wo ibi tí àmì ẹ̀yẹ ti wọ inú ọ̀rọ̀. Ní 1962 ìjọba ilẹ̀ Faransé fún Làmídì ní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ láti lọ mọ ọgbọ́n kún ọgbọ́n lọ́dọ̀ wọn. Lẹ́yìn náà ó di olùkọ́ ní yunifásítì Ifẹ̀. Ní 2006, àjọ UNESCO kà á mọ́ àwọn èèyàn tó jẹ́ ìṣúra fún ọmọ aráyé. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ló kú. Àwo àti orúkọ ńlá dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìkẹyìn ni wọ́n dé. Ohun tó ṣáájú ni ọ̀gá, irinṣẹ́, igi àti ọdún mẹ́ta gbáko. Ká ní ìwé-ẹ̀rí ni Bándélé fún un lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, tó sì ní kó máa lọ sílé, ta ni ìbá gbọ́ orúkọ Fákẹ́yẹ lẹ́yìn Ìlá?

Odò-Ọwá náà wà ní Òkè-Ẹ̀rọ̀ níbẹ̀. Bámigbóyè ọmọ Odò-Ọwá, tó kú ní 1975, gbẹ́ àwọn ère Ẹ̀pa tó wúwo bí òkúta. Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà fi odindi àfihàn kan ṣe àyẹ́sí rẹ̀ ní 2022, ìyẹn ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó dáa, orí wa wú. Ṣùgbọ́n nígbà tó wà láàyè, ohun tí ìjọba ìgbà náà ṣe fún un ni pé wọ́n gbà á sí iléèwé ní Òmù-Àrán kó máa kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà. Wọ́n fún un ní iṣẹ́ tí ẹ̀bùn rẹ̀ yóò fi ran ẹlòmíràn. Lójú tèmi, ìyẹn ga ju àwo lọ.

Ẹlòmíràn lè ní ère ni mò ń sọ, orin sì ni ọ̀rọ̀ wa. Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí orin. Gbogbo wa la mọ Ayọ̀ Bánkọ́lé lórúkọ, ó kéré tán àwa tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló gbé e lọ sí Guildhall ní London ní 1957. Láti ibẹ̀ ó gba irú ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n ń fún ẹni tó mọ dùùrù tẹ̀ ní Clare College, Cambridge. Irú ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ yẹn wù mí púpọ̀, nítorí bó ṣe rí ni pé: wọ́n á fún ọ lówó, wọ́n á fún ọ ní dùùrù, ṣùgbọ́n ìwọ náà ni wàá máa tẹ̀ ẹ́ fún ìsìn nínú ilé àdúrà wọn. Ẹ̀bùn náà gan-an ni ìdánrawò. Kò sí bí ọwọ́ èèyàn ṣe fẹ́ kú níbẹ̀.

Nílé níbí náà, ẹ wo ohun méjì tí iléeṣẹ́ kan náà ṣe. Láti 2008 títí dé 2016, MTN ń gbé Project Fame West Africa sórí tẹlifíṣọ̀n. Gbogbo wa la wò ó, gbogbo wa la fi àtẹ̀jíṣẹ́ dìbò. Ọdọọdún ni ẹnì kan ń gbégbá orókè: Iyanya ló ṣíwájú ní 2008, Chidinma tẹ̀ lé e ní 2010 lẹ́yìn ẹnì kan. Owó ńlá, ọkọ̀, òkìkí. Ṣùgbọ́n láti 2006, kí Project Fame tó bẹ̀rẹ̀, àjọ ìrànwọ́ MTN yìí kan náà ti ń san owó ẹ̀kọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ ní iléèwé orin MUSON ní Oníkàn, Èkó, fún dípúlọ́mà ọlọ́dún méjì. Kò sẹ́ni tó dìbò fún àwọn wọ̀nyẹn. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ńláńlá tàbí iléèwé olówó l'Ékòó lónìí, ẹ béèrè ibi tí olùkọ́ orin wọn ti kàwé. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ MUSON. Ìdíje mú ẹnì kan jáde lọ́dún. Iléèwé ń mú àwọn tó máa kọ́ ẹlòmíràn jáde.

Ilẹ̀ òkèèrè náà ti rí i bẹ́ẹ̀. Ní 1975, ní orílẹ̀-èdè Venezuela, José Antonio Abreu kó àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ jọ, ó bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n ń pè ní El Sistema. Ọmọ tálákà á rí irinṣẹ́ orin gbà, á rí olùkọ́, á sì wọ ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń ṣeré. Inú rẹ̀ ni Gustavo Dudamel ti jáde, tó fi di olùdarí orin fún Los Angeles Philharmonic ní 2009. Wọn ò kọ́kọ́ wá Dudamel rí kí wọ́n tó ná owó o. Wọ́n náwó sórí ogunlọ́gọ̀, Dudamel wá yọ láàárín wọn.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti fẹ́ bi mí pé ipò aṣáájú tó wà nínú àmì ẹ̀yẹ wa ńkọ́. Orin kọ́ nìkan la fẹ́ yìn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ní sọ pé méjèèjì yàtọ̀? Ẹ lọ wo àwọn onídùndún níbi tí wọ́n ti ń lùlù. Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, òun ló ń darí, kẹríkẹrì, ìsáájú, kànnàngó àti gúdúgúdú ń gbè é lẹ́yìn. Ọmọ Àyàn kì í ti ìyáàlù bẹ̀rẹ̀. Omele ni wọ́n máa ń gbé lé e lọ́wọ́, á lù ú lọ́dún lọ́dún, á mọ bí wọ́n ṣe ń dúró lójú kan kí ẹlòmíràn lè ráyè sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá gbè rí kò lè mọ ohun tó yẹ kó retí lọ́wọ́ ẹni tó ń gbè é. Ẹ̀kọ́ aṣáájú wo ló tún ju ìyẹn lọ? Nínú Ẹ̀pa náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ru ère wúwo yẹn gbọ́dọ̀ fò gun òkìtì láìṣubú lójú gbogbo ìlú, orin àti ìlù ló sì ń gbé e. Kì í ṣe pé ó ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni wọ́n fi ń yẹ́ ẹ sí. Ẹrù ìlú ni wọ́n gbé lé e lórí, ó sì rù ú dé ibi tó ń lọ.

Ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ wà nínú àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n fi orúkọ Duke of Edinburgh pè, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1956, tó sì ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, tiwa náà wà níbẹ̀. Ọ̀dọ́ tó wà láàárín ọdún 14 sí 24 ló wà fún. Ipele mẹ́ta ni: idẹ, fàdákà, wúrà. Ọmọ á yan iṣẹ́ ọwọ́ tàbí ẹ̀bùn kan tó fẹ́ mú dàgbà, orin lè jẹ́ ọ̀kan. Á ṣe iṣẹ́ ìrànwọ́ fún àwùjọ. Á ṣe eré ìdárayá. Á bá ẹgbẹ́ rìnrìn àjò. Ìpele wúrà kò ṣe é gbà láàárín oṣù díẹ̀. Èyí tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kì í na ẹnikẹ́ni. Ogún ọmọ lè bẹ̀rẹ̀, kí ogún ọmọ sì gbà á. Ẹni tó o ń bá díje ni ìwọ àná.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé kí a má yin ọmọdé. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ ọmọ àǹtí mi lórí máìkì, tí àǹtí mi sunkún, omijé yẹn kì í ṣe asán. Àwọn ọmọ kan wà ní abúlé wa tí ẹnikẹ́ni kò tíì pe orúkọ wọn sókè rí àfi nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀. Kí ọmọ bẹ́ẹ̀ gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lójú ọba àti òbí, ó lè gbé e ró fún ọdún púpọ̀. Ìyìn náà oúnjẹ ni. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò yẹ kí á fi gbogbo owó ọbẹ̀ ra àwo tí a ó fi bu ọbẹ̀.

Èrò mi nìyí, ẹ gbé e yẹ̀ wò. Kí a mú ọmọ méjì, ọ̀kan láti Òsì tàbí agbègbè rẹ̀, èkejì láti Ìlọ́fà tàbí Odò-Ọwá. Kí a má fi ọjọ́ kan yan wọn lórí pèpéle; kí a bi olùkọ́ wọn, olórí akọrin wọn àti àwọn ọmọ tí wọ́n ń darí, ìyẹn àwọn tó mọ ẹni tó ń pẹ́ sẹ́yìn láti palẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà kí a wá àgbà onílù tàbí olùkọ́ orin kan ní àyíká, kí a fún un lówó ọkọ̀ àti owó iṣẹ́ fún odindi ọdún kan, kó máa kọ́ wọn ní ọjọ́ Sátidé. Kí a tún kíbọ́ọ̀dù kan tó ti bàjẹ́ ṣe, tàbí kí a ra gángan tuntun; irinṣẹ́ náà á wà ní iléèwé, kì í ṣe nílé ẹnì kan. Ohun tí a ó gbà padà lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà ni pé kí kóówá wọn kọ́ ọmọ mẹ́ta tó kéré sí i ní ohun tó bá kọ́. Tí ọdún bá pé, kí a wá gba gbọ̀ngàn, kí wọ́n ṣeré fún ìlú, àwọn àti ọmọ mẹ́fà wọn. Nígbà náà ẹ lè ya fọ́tò bó ṣe wù yín. Ìwé-ẹ̀rí náà, a lè tẹ̀ ẹ́ sórí páálí, owó rẹ̀ kò ju ti fọ́tòkọ́pì ìwé ìròyìn tó wà lọ́wọ́ yín yìí lọ.

Ẹnì kan ní ìpàdé ní orúkọ ẹgbẹ́ wa kò ní tàn tí a bá ṣe é báyìí, nítorí pé kò ní sí ayẹyẹ tó tóbi. Bóyá lóòótọ́ ni. Ta ló mọ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ gbé ọ̀bẹ lé Bámgbóṣé ti Òsì lọ́wọ́? Síbẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ yẹn ń bẹ lára gbogbo ilẹ̀kùn tí Làmídì gbẹ́. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ la ó dìbò. Ẹ wá o, ẹ má jókòó sí họ́sítẹ̀lì. Ẹni tí kò bá sì gba èrò mi, kó mú tirẹ̀ wá pẹ̀lú ìdáhùn kan ṣoṣo: lẹ́yìn tí a bá yìn ín tán, kí ló fẹ́ fi ṣe òmíràn?